Ṣé ó tọ́ kí ìgbìmọ̀ máa wo ojú èèyàn kí wọ́n tó gbà pé adúláwọ̀ ni? (Ọ̀rọ̀ Bràsíl)

Adéṣọlá_Bàhíà kọ:

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, gbogbo ilé. Ìlú Salvador ní ìpínlẹ̀ Bàhíà, ní Bràsíl, ni mò ń gbé. Èdè Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ará ibí, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ilé òrìṣà. Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn níbí, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Láti 2012 ni òfin kan ti wà, nọ́ńbà rẹ̀ ni 12.711, tó ní kí gbogbo yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ya ìdajì àyè wọn sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ tó jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba. Nínú ìdajì yẹn, wọ́n á yọ ti àwọn adúláwọ̀ àti ti àwọn tó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ náà jáde, bí iye wọn bá ṣe pọ̀ tó ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ohun tí ọmọ bá kọ sínú fọ́ọ̀mù ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ń gbà. Kò pẹ́ rárá tí àwọn ọmọ funfun báláú fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ "pardo", ìyẹn ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín dúdú àti funfun, tí wọ́n sì ń fi bẹ́ẹ̀ wọlé lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀ fúnra wọn ló figbe ta. Ibẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Èèyàn márùn-ún ló máa jókòó, ọkùnrin àti obìnrin, àwọ̀ wọn ò sì gbọdọ̀ jẹ́ oríṣi kan náà. Ọmọ á wọlé, á dúró níwájú kámẹ́rà, á ka ohun tó fọwọ́ sí sókè pé adúláwọ̀ ni òun. Wọ́n á wo àwọ̀ ara rẹ̀, wọ́n á wo irun rẹ̀, wọ́n á wo imú àti ètè. Ó tán. Wọn ò ní béèrè ta ni bàbá rẹ̀. Bó bá mú fọ́tò ìyá ìyá rẹ̀ dání, wọn ò ní wò ó. Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá fì sí ni ìdájọ́ á fì sí. Bí wọ́n bá ní kì í ṣe adúláwọ̀, ó láǹfààní láti gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ síwájú àwọn mẹ́ta mìíràn.

Ọmọ aládùúgbò mi kan bọ́ sọ́wọ́ wọn lọ́dún yìí. Ìyá rẹ̀, tó ń ta àkàrà nítòsí ilé wa, dúdú ju èmi lọ. Àwọn ará Spéènì ló bí bàbá rẹ̀, bàbá yẹn sì ni ọmọ náà jọ látòkè délẹ̀. Wọ́n ní rárá. Ìyá náà sunkún títí, ó ní ṣé òun kọ́ ni òun bí i ni.

Ó dùn mí. Síbẹ̀ mo ṣì fara mọ́ ìgbìmọ̀. Kí lẹ̀yin rò?

Ọmọ_Màpó kọ:

Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ṣùgbọ́n èmi ò gbà rárá, mi ò sì ní fi bò. Ọmọ tó jáde látinú ìyá dúdú, kí àwọn márùn-ún kan jókòó sí yàrá kí wọ́n máa sọ fún un pé kì í ṣe dúdú? Ta ló gbé àṣẹ yẹn lé wọn lọ́wọ́? Lọ́dọ̀ tiwa, ìdílé la fi ń mọ èèyàn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi jẹ́ òyìnbó ará Jámánì. Àwọn ọmọ wọn pupa bí ẹyin ẹyẹlé, wọ́n sì ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń pín ogún, wọ́n ń jẹ oríkì ilé wa. Kò sẹ́ni tó jẹ́ wò wọ́n lójú kó ní kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n.

Bí ìjọba Bràsíl bá fẹ́ ran àwọn èèyàn lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo àpò. Ẹni tí kò bá ní lọ́wọ́ ni kí wọ́n gbé dìde, àwọ̀ yòówù kó ní.

Àbíkẹ́_Houston kọ:

Àbúrò mi Ọmọ_Màpó, ohun rere ló wà lọ́kàn ẹ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà níbi tí mo wà yìí ti fi ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀ èèyàn rí, jẹ́ kí n sọ ohun tó bí fún ẹ.

Láti 1662 ni Virginia ti ṣòfin pé ipò ìyá ni ọmọ ń jogún. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọmọ tí olówó ẹrú bá bí fún ẹrúbìnrin rẹ̀, ẹrú ni ọmọ náà. Bàbá lè sọ ọmọ ara rẹ̀ di ohun títà. Nígbà tí oko ẹrú parí, wọn ò pa èrò yẹn tì. Ní 1892, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Homer Plessy wọ ọkọ̀ ojú irin ní New Orleans, ó jókòó sí àyè àwọn aláwọ̀ funfun. Tó o bá rí i ní títì, funfun lo máa pè é, torí nínú àwọn mẹ́jọ tó bí àwọn òbí òbí rẹ̀, ẹnì kan péré ló jẹ́ adúláwọ̀. Wọ́n mú un. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 1896, ó pàdánù, ìjọba ìpínlẹ̀ sì rí ibi fẹ̀yìn tì láti máa ya dúdú àti funfun sọ́tọ̀. Ní 1924, Virginia tún sọ pé bí ẹ̀jẹ̀ dúdú inú ara èèyàn ti wù kó kéré tó, kò gbọdọ̀ fẹ́ aláwọ̀ funfun. Ọdún 1967 ni ilé ẹjọ́ tó wọ́gi lé ìyẹn.

Torí náà, nígbà tí ìwọ gbọ́ "ìdílé la fi ń mọ èèyàn," oríkì lo gbọ́. Ohun tí èmi gbọ́ yàtọ̀.

Mo tún fẹ́ kó o mọ̀ pé àwọn èèyàn ibí ti wá gba orúkọ yẹn mú, wọ́n sọ ọ́ di tiwọn. Obama, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ funfun, láǹfààní láti fàmì sí ju àyè kan lọ nígbà ìkànìyàn 2010, torí láti 2000 ni wọ́n ti gbà bẹ́ẹ̀. Ti adúláwọ̀ nìkan ló fàmì sí.

Ọmọ_Màpó kọ:

Mo gbọ́, mà. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, àwọn tó fi ẹ̀jẹ̀ ṣèkà yẹn fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ àwọn èèyàn ni. Èyí tí à ń sọ lónìí fẹ́ fún wọn ní nǹkan ni. Kí ló dé tí a ò lè lo ìdílé fún oore?

Bàbá_Olùkọ́ kọ:

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ìtàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Bràsíl kì í jẹ́ kí n sùn.

Ìdí tí wọn ò fi lè lo ìdílé níbẹ̀ ni pé ní Bràsíl, ìdílé gbogbo ló dà pọ̀. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí agboolé tí ẹni dúdú kan ò sí lókè igi ìran rẹ̀. Bí o bá fi bàbá bàbá ṣe ẹ̀rí, àwọn ọlọ́lá ìlú São Paulo pàápàá á mú ẹ̀rí wá. Ta ni yóò wá kù tí wọ́n yọ sílẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìkànìyàn wọn ṣe rìn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ wáyé ní 1872, nígbà tí oko ẹrú ṣì wà. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín àwọn èèyàn sí: funfun, dúdú, pardo, àti caboclo tó jẹ́ ti àwọn tó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ àti àrọ́mọdọ́mọ wọn. Ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún 1888, òfin fòpin sí oko ẹrú. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹfà 1890, ìjọba pàṣẹ pé ará Áfíríkà àti ará Éṣíà kò gbọdọ̀ wọ̀lú wá ṣiṣẹ́ àfi tí ilé aṣòfin bá fọwọ́ sí i. Ní àkókò yẹn gan-an, àwọn ará Yúróòpù ni wọ́n ń san owó ọkọ̀ ojú omi fún pé kí wọ́n máa bọ̀. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ìrèké àti kọfí fún ọ̀ọ́dúnrún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn ò fún un ní ilẹ̀, wọn ò fún un ní kọ́bọ̀. Wọ́n fẹ́ kí ìlú náà di funfun, wọn ò sì fi ṣe àṣírí. Ní 1911, João Batista de Lacerda, ọ̀gá àgbà Museu Nacional (ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba) ní Rio, lọ sí àpérò kan ní London, ó sì sọ fún àwọn tó pé jọ pé kí ọgọ́rùn-ún ọdún tó parí, adúláwọ̀ á ti tán ní Bràsíl.

Ẹ bá mi fi ọgọ́rùn-ún ọdún lé 1911. Ọdún kejì rẹ̀ ni òfin tí Adéṣọlá ń sọ yìí jáde.

Ìkànìyàn 1900 àti ti 1920 kò béèrè àwọ̀ ẹnikẹ́ni. Ní 1970, lábẹ́ ìjọba ológun, wọ́n tún yọ ìbéèrè náà kúrò. Ìgbà tí wọ́n wá ní kí oníkálukú fẹnu ara rẹ̀ sọ àwọ̀ rẹ̀ nínú ìwádìí kan ní 1976, orúkọ tí wọ́n kó jọ lé ní 130. Àwọn kan ní àwọ̀ kọfí tí wọ́n lu mílíìkì mọ́ ni àwọn. Àwọn kan ní oòrùn ló pa àwọn lára dà. Àwọn ẹni tí ìyà ti kọ́ lọ́gbọ́n ni, wọ́n ń wá orúkọ yòówù tí kò ní jẹ́ kí wọ́n pè wọ́n ní dúdú.

Ọmọ_Àgùdà kọ:

Bàbá, ẹ ò ní rí ibi o. Pópó Àgùdà ní ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí mi sí, orúkọ Potogí ni ìdílé wa ń jẹ́ títí dòní. Mo fẹ́ fi èyí kún ọ̀rọ̀ yín.

Ní oṣù kìn-ín-ní 1835, àwọn Mùsùlùmí adúláwọ̀, tí àwọn Yorùbá pọ̀ jù nínú wọn (Nagô ni wọ́n ń pe àwọn èèyàn wa níbẹ̀), gbé ogun dìde ní Salvador. Wọ́n ṣẹ́gun wọn. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, Bàhíà ṣòfin pé gbogbo ẹni tí wọ́n bí sí Áfíríkà tó ti gba òmìnira gbọ́dọ̀ máa san 10 mil-réis (owó Bràsíl ìgbà náà) lọ́dọọdún, kò sì gbọdọ̀ ra ilé tàbí ilẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí sí Bràsíl, bó tilẹ̀ dúdú bí kóró iṣin, òfin yẹn kò kàn án. Crioulo ni wọ́n ń pè é, àyè ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi í sí. Wàhálà yẹn wà lára ohun tó lé ọ̀pọ̀ àwọn baba wa padà sí Èkó, Àgbádárìgì, Wìdá àti Àjàṣẹ́.

Ṣé ẹ rí i, nígbà yẹn ibi tí wọ́n bí èèyàn sí ni wọ́n fi yà á sọ́tọ̀, torí ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù nìyẹn. Ìyá méjì tó dúdú bákan náà lè jókòó ti ara wọn sọ́jà, kí ọ̀kan máa san owó orí tí èkejì kò san. Ẹni tó ni fọ́ọ̀mù ló ń yan ìlà tó máa fà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀rù ìgbìmọ̀ tiyín yẹn, Àǹtí Adéṣọlá. Lónìí wọ́n fi ń fúnni ní àyè. Bí ìjọba mìíràn bá dé ńkọ́, tí àkọsílẹ̀ àwọ̀ gbogbo èèyàn wà lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú fídíò?

Ọmọ_Àjàṣẹ́ kọ:

Ẹ kú ìjókòó o. Paris ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ìlú Faransé kì í ka èèyàn ní àwọ̀. Òfin 1978 dí ọ̀nà rẹ̀, àwọn adájọ́ òfin ìpìlẹ̀ tún tì í pa ní 2007. Wọ́n ní ọmọ Faransé kan náà ni gbogbo wa. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọ̀rọ̀ yẹn wù mí gan-an.

Mo ń wá yàrá. Mo pe ẹnì kan lórí fóònù, Faransé mi já gaara, ó ní yàrá wà, kí n máa bọ̀ kíákíá. Mo dé ẹnu ọ̀nà láàárín wákàtí kan. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní ẹnì kan ti gbà á. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí. Mélòó ni wá? Kò sí ìwé ìkànìyàn tó lè sọ ọ́, torí níwájú òfin a kì í ṣe dúdú. Ẹnu ọ̀nà yẹn nìkan la ti jẹ́ dúdú.

Ọmọ_Àgùdà, ìbẹ̀rù rẹ tọ́. Ṣùgbọ́n àìkà náà ń ṣe wá ní ibi.

Ìdòwú_Agbẹ̀bí kọ:

Mo fẹ́ gbè sẹ́yìn Ọmọ_Àjàṣẹ́. Agbẹ̀bí ni mí ní London. Ní 1991 ni ìkànìyàn Britain kọ́kọ́ béèrè ẹ̀yà àwọn èèyàn, àwọn ilé ìwòsàn náà sì máa ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ìyá wa kì í fẹ́ kún àyè yẹn. Wọ́n á ní, "Nọ́ọ̀sì, kí ló kàn yín nínú ìyẹn?" Ohun tó kàn wá ni pé àkọsílẹ̀ yẹn ló jẹ́ kó hàn pé nínú iye aláboyún kan náà, àwọn adúláwọ̀ tó ń kú níbí ju ìlọ́po méjì ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ìrora tí ìyá dúdú bá sọ, wọn kì í tètè gbà á gbọ́. A ti mọ̀ ọ́n lójú, ṣùgbọ́n ìgbà tí nọ́ńbà jáde ni àwọn ọ̀gá tó gbọ́. Ní tiwa, ẹni tó ni ara ló ń kún un fúnra rẹ̀, kò sí ìgbìmọ̀ kankan.

Ọmọ_Màpó kọ:

Kò burú, mo gbà pé kíkà dáa. Ìdájọ́ ojú ni mi ò gbà. Mo sì ti lọ wádìí ọ̀rọ̀ yìí kí n má bàa máa fẹnu lásán sọ̀rọ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní yunifásítì ìlú Brasília, tí wọ́n ń pè ní UnB, ní 2007. Ètò tirẹ̀ ti wà ṣáájú òfin 2012 yẹn. Ìbejì méjì, tí wọ́n jọra pátápátá, fi orúkọ sílẹ̀ fún àyè adúláwọ̀. Bàbá kan, ìyá kan, inú kan náà, ojú kan náà. Wọ́n wo fọ́tò wọn. Wọ́n ní ọ̀kan jẹ́ adúláwọ̀, wọ́n ní èkejì kì í ṣe bẹ́ẹ̀! Àfìgbà tí ariwo gba gbogbo Bràsíl kan ni wọ́n tó tún un wò, tí wọ́n gba èkejì.

Àwa Yorùbá la bí ìbejì jù láyé. Ẹ wá sọ fún mi pé kí n gba ojú àwọn wọ̀nyẹn gbọ́, tó rí Táyélolú ní dúdú, tó rí Kẹ́hìndé ní funfun. Àǹtí Adéṣọlá, ẹ dá mi lóhùn.

Adéṣọlá_Bàhíà kọ:

Mo ti ń retí kí ẹnì kan gbé ọ̀rọ̀ ìbejì yẹn wá, torí ọdọọdún ni wọ́n ń fi lù wá lórí níbí. Òótọ́ ni, ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fọ́tò ni wọ́n ń wò nígbà yẹn, kì í ṣe èèyàn. Iná kámẹ́rà á mú ọ̀kan mọ́lẹ̀, á mú èkejì ṣókùnkùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni UnB pa fọ́tò tì, wọ́n ní kí àwọn ọmọ máa wá fúnra wọn. Ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, gbogbo adájọ́ tó jókòó ló fọwọ́ sí ètò UnB yẹn ní oṣù kẹrin 2012, kò sí ọ̀kan tó yapa. Ní 2017 wọ́n tún sọ pé ìgbìmọ̀ tó ń wo èèyàn lójúkojú kò lòdì sí òfin, nígbà tí ọ̀rọ̀ àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún adúláwọ̀ nínú iṣẹ́ ìjọba délẹ̀.

Jẹ́ kí n wá sọ ìdí tí mo fi dúró ti ojú.

Ní 2007 kan náà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn gbajúmọ̀ adúláwọ̀ Bràsíl kan wò láti mọ ibi tí ìran wọn ti wá (àyẹ̀wò DNA). Neguinho da Beija-Flor wà lára wọn, olórin sámbà tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹ wá àwòrán rẹ̀, ẹ wò ó: bí ẹ bá rí i ní Ọjà Ọba, ẹ ó kí i ní Yorùbá. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi hàn pé 67.1 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti Yúróòpù wá. Ṣé ọlọ́pàá tó dá ọkọ̀ dúró lóru máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò? Ẹni tó ń gba òṣìṣẹ́ sí ilé ìtajà máa béèrè ìdílé? Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú ni ìyà ń wò kó tó bọ́ síni lára, ojú náà ló sì yẹ kí ètò tó fẹ́ tún ìyà yẹn ṣe máa wò. Ọmọ aládùúgbò mi yẹn fẹ́ràn ìyá rẹ̀, ó sì mọ ibi tó ti wá. Ṣùgbọ́n èmi ti bá òun àti ìyá rẹ̀ wọ ilé ìtajà ńlá kan pọ̀. Ìyá ni ẹ̀ṣọ́ tẹ̀ lé lẹ́yìn láti ibi ọṣẹ títí dé ibi ìrẹsì. Ọmọ ń rìn kiri ní tirẹ̀, kò sẹ́ni tó wò ó. Mo rí i pé òun náà rí i.

Ọmọ_Màpó, ní ti àpò tó o sọ, òfin ti wò ó. Ìdajì nínú àwọn àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ jẹ́ ti àwọn tí owó ilé wọn kò tó nǹkan, àti dúdú àti funfun. Kì í ṣe ọ̀kan nìkan ni wọ́n yàn.

Ìyá_Fúnmi kọ:

Ẹ jọ̀wọ́ o, èmi ò kàwé tó yín, ìbéèrè kan ni mo ní. Àfín ni ọmọ mi obìnrin. Bí irú rẹ̀ bá wà ní Bràsíl, tó dúró níwájú àwọn márùn-ún yẹn, kí ni wọ́n máa pè é? Níbí ní Òṣogbo, àwọn ọmọdé ń pè é ní òyìnbó, ó sì ń dùn ún dọ́kàn. Mi ò fẹ́ kí àwọn àgbàlagbà máa fìwé ṣe ohun tí àwọn ọmọdé ń fẹnu ṣe.

Adéṣọlá_Bàhíà kọ:

Ẹ má bínú, ìyá wa, ẹ bá mi kí Fúnmi dáadáa. Àwọ̀ nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò, mà. Irun, imú àti ètè wà níbẹ̀ pẹ̀lú, gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni wọ́n fi ń dájọ́. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ yóò rí ọmọ Áfíríkà lójú Fúnmi kó tó jókòó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yín fi ohun kan hàn mí: ẹni tó máa jókòó síbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń wò. A ò lè mú ẹnikẹ́ni láti ọ́fíìsì kan ká ní kó wá wojú ọmọ ọlọ́mọ.

Ọmọ_Àgùdà kọ:

Ìbéèrè tèmi kù o. Àwọn pardo yìí, ta ló ní wọn? Mo kà pé òfin 2010 kan kó dúdú àti pardo pọ̀, ó ní adúláwọ̀ ni gbogbo wọn. Ní ìkànìyàn 2022, pardo jẹ́ 45.3 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n ju àwọn aláwọ̀ funfun tó jẹ́ 43.5 lọ. Àwọn tó pe ara wọn ní dúdú kò ju 10.2 lọ. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi hàn pé ẹ pọ̀, ẹ ń ka pardo mọ́ ara yín. Nígbà tí ọmọ pardo bá wá gba àyè, ẹ ní kò dúdú tó. Ṣé ìyẹn tọ́?

Adéṣọlá_Bàhíà kọ:

Ibi tí ó ń dun èmi náà lo tẹ̀ yẹn.

Pardo kì í ṣe oríṣi kan. Níbí ní Bàhíà, níbi tí ìpín àwọn tó pe ara wọn ní dúdú ti ga jù ní gbogbo Bràsíl (22.4 nínú ọgọ́rùn-ún), bí ẹnì kan bá ní òun jẹ́ pardo, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìyá rẹ̀ àgbà jẹ́ Nagô tàbí Àǹgólà. Ṣùgbọ́n gòkè lọ sí Pará, létí odò Amazon, níbi tí pardo ti jẹ́ 69.9 nínú ọgọ́rùn-ún. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ àrọ́mọdọ́mọ àwọn tó kọ́kọ́ ni ilẹ̀, irun wọn gùn, ó nà tààrà. Òfin pe àwọn náà ní adúláwọ̀. Bí ìgbìmọ̀ bá wò wọ́n, tí wọ́n ní wọn ò jọ ará Áfíríkà, àyè àwọn ọmọ onílẹ̀ náà kò gbà wọ́n, torí wọn ò ní ìlú tàbí ẹ̀yà tó máa jẹ́rìí sí wọn. Wọ́n ń já bọ́ sí àárín. Èmi rò pé ìwà ìkà ni, ó sì yẹ kí àwọn aṣòfin ṣe àyè tiwọn ní ọ̀tọ̀ dípò kí wọ́n fi wọ́n sábẹ́ orúkọ wa.

Ti ọmọ pardo tó ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà, ìlànà ti sọ ọ́: níbi tí iyèméjì bá wà, ohun tí ọmọ sọ ni kí ìgbìmọ̀ gbà. Ó wà nínú ìwé tí ìjọba gbé jáde ní 2018.

Ọmọ_Màpó kọ:

Ó wà nínú ìwé. Ọmọ aládùúgbò yín ńkọ́? Ṣé wọ́n sọ ìdí fún un?

Adéṣọlá_Bàhíà kọ:

Rárá. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sí i: "Kò bá ohun tí a ń wò mu." Mo ka ìwé náà fúnra mi.

Àbíkẹ́_Houston kọ:

Nígbà náà, mo wà lẹ́yìn Ọmọ_Màpó lórí èyí. Bí ìjọba bá máa sọ fún ọmọ ọdún méjìdínlógún pé kì í ṣe ohun tó pe ara rẹ̀, ìlà kan kò tó.

Adéṣọlá_Bàhíà kọ:

Mo gbà, mà, mo sì ti sọ ọ́ ní ìpàdé àdúgbò wa. Ẹni kọ̀ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún yẹn gbọ́dọ̀ kọ ohun tó rí àti ohun tí kò rí, kó buwọ́ lù ú. Kí wọ́n fún ọmọ ní fídíò ara rẹ̀ kó lè gbé e lọ bá àwọn mẹ́ta kòtẹ́milọ́rùn. Kí wọ́n sì pa á rẹ́ tí ẹjọ́ bá parí, torí ìbẹ̀rù Ọmọ_Àgùdà kì í ṣe ìbẹ̀rù lásán. Ní 2025 wọ́n gbé ìpín tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kúrò ní 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó máa dúró níwájú ìgbìmọ̀ á sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwa tí a fẹ́ kí ètò yìí wà pẹ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ béèrè fún ìwé yẹn. Bí a bá dákẹ́, àwọn tó fẹ́ pa á run ló máa bá wa béèrè rẹ̀ ní ilé ẹjọ́.